Lékeléke Ló Kọ́kọ́ Dé Ni, Àbí Ẹ̀ẹ̀rùn?

Ọ̀rọ̀ lékeléke ló dá ìjà sílẹ̀ láàárín èmi àti bàbá tí ògiri ilé wọn bá tiwa pààlà. Ìjà kọ́, iyàn ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbọ́ bí ohùn wa ṣe ń ròkè láàárọ̀ ọjọ́ náà á rò pé ilẹ̀ la ń jà sí. Oṣù Ọ̀wàrà ni. Lékeléke mẹ́fà bà sí pápá tó wà lẹ́yìn ilé, àkọ́kọ́ tí a máa rí láti bí oṣù márùn-ún. Bàbá na ọ̀pá wọn sí wọn, wọ́n ní, "Ìyàwó, òjò parí nìyẹn. Lékeléke ti mú ẹ̀ẹ̀rùn dé." Mo ní rárá o, Bàbá, ẹ̀ẹ̀rùn ló ń mú lékeléke wá; òjò á kọ́kọ́ dá ná, kí wọ́n tó gbéra. Wọ́n ní kí wọ́n tó bí mi ni àwọn ti ń wo lékeléke. Kò sí èsì tí èèyàn lè fún irú ọ̀rọ̀ yẹn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, òjò ńlá dé. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rọ̀. Lékeléke wà nínú òjò náà, wọ́n sún ọrùn kì, wọ́n dúró bí aṣọ tí wọ́n gbàgbé sórí okùn. Òjò yẹn kò dá Bàbá láre, nítorí kò parí. Kò sì dá èmi náà láre, nítorí àwọn ẹyẹ yẹn ò dúró kó dá kí wọ́n tó wá.

Ohun tó jẹ́ kí n mú ìwé nìyẹn. Ìwé ìṣirò ọmọ mi ni, ó kọ ọ́ dé ìdajì ó pa á tì. Mo kọ ọ́ sí i: "Lékeléke mẹ́fà, ọjọ́ 14, Ọ̀wàrà. Òjò ṣì ń rọ̀." Ẹ̀rí ni mo fẹ́ kó jọ de ọdún tó ń bọ̀, kí n lè fi pa Bàbá lẹ́nu mọ́. Àmọ́ ẹni tó bá ti ń yọjú wo pápá láràárọ̀ nítorí lékeléke, nǹkan mìíràn á máa kọjá lójú rẹ̀, kò sì ní fẹ́ kó kọjá láìkọ ọ́. Ọdún kẹrin rèé. Ìwé ti di mẹ́ta, lékeléke ò sì gbà ju ojú ewé mélòó kan lọ nínú wọn.

Ẹni tó gba ojú ewé jù ń gbé abẹ́ dúrọ́ọ̀mù omi mi.

Òru ọjọ́ kan nínú oṣù Ẹrẹ́nà ni àkọ́rọ̀ òjò ọdún yẹn bọ́ sí. Nígbà tí ilẹ̀ máa fi ṣú lọ́jọ́ kejì, esúnsún ti bo gílóòbù ẹnu ọ̀nà. Ta ni ò mọ esúnsún? Ó ń já lu ojú, ó ń kó sínú ife, tó bá di àárọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ á kún ilẹ̀ bíi fùlùfúlù. Ibi tí mo mọ̀ ọ́n dé nìyẹn, òun àti ìgbálẹ̀ tí mo fi ń gbá a. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo jókòó lórí àpótí, mo tẹjú mọ́ wọn. Èyí tó bá ti balẹ̀ kì í fi ìyẹ́ náà ṣe nǹkan kan mọ́. Á gbọn ara, á yí díẹ̀, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á sì bọ́ sílẹ̀, bí ẹni tó ti òde dé tó bọ́ agbádá. Lẹ́yìn náà, méjì-méjì ni wọ́n á tò, abo níwájú, akọ lẹ́yìn, orí akọ á fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ìdí abo, wọ́n á máa sáré wá ihò kiri. Àwọn méjèèjì yẹn ni ọba àti ayaba ìlú ikán tí kò tíì sí. Bí wọ́n bá rí ilẹ̀ rírọ̀ wọ̀, tí nǹkan kan ò sì ṣe wọ́n, abo yẹn lè máa yé ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹyin lójúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ọ̀gán á fi yọrí sókè níbẹ̀.

Bí nǹkan kan ò bá ṣe wọ́n ni mo wí o. Nǹkan tó ń ṣe wọ́n ti jáde lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù.

Ọ̀pọ̀lọ́ ni, ó tóbi tó ìkúùkù ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọ̀ rẹ̀ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i pé ìka kan ò sí lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀. Kò lé ẹnikẹ́ni kiri. Ó lọ jókòó síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, ó ń retí. Esúnsún kan á rìn wá síwájú rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ á tẹrí wálẹ̀ díẹ̀, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ kan lẹ́yìn á máa gbọ̀n rìrì, bíi ti ẹni tí ara ń wá. O ò ní rí ahọ́n náà. Ohun tí o máa rí ni pé esúnsún ò sí níbẹ̀ mọ́. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ méjèèjì á wá rì wọlé. Mo rò pé ó ń ṣẹ́jú ni, àfi ìgbà tí mo kà nípa rẹ̀ tí mo rí i pé ẹyinjú yẹn gan-an ló fi ń ṣiṣẹ́: ó ń fà á wọ inú orí láti ti ohun tó wà lẹ́nu lọ sí ọ̀nà ọ̀fun. Ojú ló fi ń gbé nǹkan mì! Mo ka esúnsún mọ́kànlélógójì kí oorun tó lé mi wọlé. Òun ò tíì ṣe tán.

Kì í fẹnu mu omi náà. Bí mo bá da omi sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dúrọ́ọ̀mù, á wá jókòó sínú rẹ̀, á tẹ ikùn mọ́lẹ̀, awọ ikùn àti ti ìsàlẹ̀ itan rẹ̀ á máa fa omi náà. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ èyí ni mo ti ń da omi síbẹ̀ tí ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Ọkọ mi ní ṣé mo ti wá di ìyá ọ̀pọ̀lọ́ ni. Mi ò dá wọn lóhùn.

Láti Igbe títí wọ Agẹmọ, ọwọ́ mi kì í kárí ìwé. Ìgbín tó ti fi nǹkan funfun bíi bébà dí ẹnu ìkarahun rẹ̀ láti ìgbà ọyẹ́ á tú u, á jáde lóru, a ó bá ipa ìrìn rẹ̀ tó ń dán lára ògiri láàárọ̀. Ọ̀kùn á máa kọjá nínú ọgbà bí ọkọ̀ ojú irin, á ká jọ tí ìka bá kàn án. Kọ̀ǹkọ̀ á gba òru kan. Tanátaná á máa tàn, á máa kú, lórí koríko tó wà lẹ́bàá ògiri. Mo máa ń kọ ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ó parí.

Ẹ̀gà ni mi ò lè kọ bẹ́ẹ̀ fi sílẹ̀. Orí ọ̀pẹ tó wà lẹ́yìn ilé Bàbá ni wọ́n ń tẹ̀dó sí tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀. Wọ́n á fa imọ̀ ọ̀pẹ ya tééré-tééré títí tí á fi ku ọ̀wọ́n rẹ̀ nìkan. Ariwo wọn kì í jẹ́ kí èèyàn gbọ́ ara rẹ̀. Àwọn àgbà ló kúkú ní ẹ̀gà ń fọhùn, wọ́n ní ó ń pàtótó. Akọ ló ń hun ilé. Tó bá hun ún tán, á rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà ní ìdoríkodò, á máa gbọn ìyẹ́, á máa ké, abo á wá yẹ iṣẹ́ náà wò. Á wọlé, á fẹnu fa ibí, á fa ọ̀hún, á sì fò lọ. Mo rí akọ kan ní Òkúdù ọdún kejì tí abo mẹ́ta kọ ilé rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ewé ilé náà ti ń pọ́n. Láàárọ̀ ọjọ́ kan mo bá a tó ń tú u, ewé kan tẹ̀ lé ewé kan, ó ń jù ú sílẹ̀. Kó tó di ọ̀sán, ó ti so ewé tútù méjì mọ́ ibi kan náà. Bàbá tí wọ́n ti kọ́ ilé mẹ́ta láyé wọn wo ẹyẹ náà títí, wọ́n ní, "Ojú rẹ̀ rí tó." Wọn ò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà ò bi wọ́n.

Òkúdù kan náà ni ìjàlọ wọlé. Aago méjì òru kọjá díẹ̀ ni adìyẹ Bàbá figbe ta, lẹ́yìn ìyẹn la gbọ́ ohùn Bàbá fúnra wọn lójú fèrèsé: "Ìyàwó, ẹ dìde! Ẹ gbé àwọn ọmọ!" Nígbà tí mo tan tọ́ọ̀ṣì, ilẹ̀ yàrá ìgbàlejò ń rìn. Mi ò mọ bí mo ṣe tún lè sọ ọ́. Ilẹ̀ dúdú, ó ń ṣàn, ó ń gun ẹsẹ̀ àga. A kó àwọn ọmọ sínú ọkọ̀, a ti ìlẹ̀kùn, a jókòó síbẹ̀ tí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ọmọ mi ṣe ń fa ìjàlọ kan tó rọ̀ mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀, ara já, orí kù. Tí a bá ní kí n sọ òótọ́, oògùn apakòkòrò ni mo fẹ́ wá tú lé wọn lórí. Bàbá ni kò jẹ́. Wọ́n ní ìjàlọ kì í sùn nílé onílé. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́jọ, wọ́n ti tò jáde lọ́nà kan ṣoṣo, àwọn jagunjagun wọn dúró lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ẹnu là gbàgà. Kò sí ojú lórí àwọn òṣìṣẹ́ wọn rárá. Òórùn tí ẹni iwájú fi sílẹ̀ àti ìfarakanra ni wọ́n fi ń rìn. Mo wọlé, mo ṣí kọ́bọ́ọ̀dù: aáyán tí mo ti fi gbogbo ọdún bá jà, ìyẹ́ wọn nìkan ló kù. Bàbá pàdánù adìyẹ méjì, nítorí ẹnu ilé adìyẹ wà ní títì, wọn ò rí ibi sá lọ. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú.

Tí òjò bá wá sinmi díẹ̀ ní oṣù Ògún, ìgbà alángbá nìyẹn. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Òwe yìí ti wà lẹ́nu mi láti kékeré, mi ò sì fìgbà kan wo ikùn alángbá rí. Alángbá tí a ń rí ni akọ olórí pupa tó ń mi orí lórí ògiri bí ẹni pé òun ló ni ín. Abo aláwọ̀ ilẹ̀, ta ló ń wò ó? Ní Ògún ọdún kìíní, ọ̀kan gbẹ́ ilẹ̀ níwájú ilé wa, níbi tí oòrùn ti ń pa á dáadáa, ó yé ẹyin márùn-ún sí i, ó fi ẹsẹ̀ wọ́ yẹ̀pẹ̀ bò ó, ó sì fi imú gbá a mọ́lẹ̀. Kò padà wá wò ó mọ́. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọmọ alángbá tí kò ju ìka lọ jáde níbẹ̀.

Mo wá rí i kà pé ẹyin alángbá wa yìí gan-an ni onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Charnier fi ṣe ìwádìí ní Dakar, lórílẹ̀-èdè Senegal, tó gbé e jáde ní ọdún 1966. Ẹyin tí ó tọ́jú síbi tí ooru mọ níwọ̀n 26 sí 27 lórí òṣùwọ̀n Celsius, abo ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Èyí tó wà níbi tí ooru dé 29, akọ ni. Kò tíì sí ẹni tó fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ hàn lára ẹran afàyàfà kankan ṣáájú ìgbà náà. Alángbá tí ọmọdé ń sọ lókò! Bí abo yẹn ṣe ń gbẹ́ ibí, tó ń fi í sílẹ̀, tó ń lọ gbẹ́ ọ̀hún, èmi rò pé ó ń ṣeré ni.

Èmi náà ni mo pe àwọn bíríkìlà ní Èrèlé ọdún kẹta pé kí wọ́n da kọnkéré sí gbogbo iwájú ilé. Ẹrẹ̀ ti sú mi. Ó dára, ó mọ́, ọkọ̀ ń wọlé láìrì. Nígbà tó di Ògún, mo rí alángbá abo kan lórí kọnkéré náà, ó ń fi ọwọ́ méjèèjì ha á. Ó ha á títí, ó sún síwájú, ó tún ha á. Ìwé mi wà lọ́wọ́ mi, mi ò kọ nǹkan kan lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ jẹ́ ká padà sórí lékeléke. Ọdún kejì, wọ́n dé ní ọjọ́ 21 Ọ̀wàrà, òjò tó gbẹ̀yìn rọ̀ ní Bélú. Ọdún kẹta, wọ́n dé ní ọjọ́ 9, òjò tún rọ̀ léraléra lẹ́yìn wọn. Ó dájú pé wọn kì í dúró kí òjò tiwa dá. Mo ti fẹ́ lọ gbà fún Bàbá kí n tó béèrè ohun tó yẹ kí n ti béèrè látìbẹ̀rẹ̀: níbo ni wọ́n ti ń bọ̀? Òkè Ọya ni. Nígbà tí òjò bá le níhìn-ín, tí koríko ga jù wọ́n lọ, apá àríwá ni wọ́n ń lọ pamọ, níbi tí òjò tibẹ̀ ń hu koríko tí tata sì pọ̀. Òjò ọ̀hún máa ń tètè dá ju tiwa lọ. Bí ilẹ̀ bá ti ń gbẹ lẹ́yìn wọn, wọ́n á kọrí sí gúúsù. Ẹ̀ẹ̀rùn ló ń lé wọn bọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n yára jù ú lọ.

Mo gbé e tọ Bàbá lọ tayọ̀tayọ̀. Mo ní, "Bàbá, ẹ rí i pé àwa méjèèjì la jàre." Wọ́n ní, "Ta ló ṣíwájú?" Mo ní lékeléke ni. Wọ́n ní, "Kí ni mo wí?"

Ẹyẹ tó lè sá fún ẹ̀ẹ̀rùn báyìí, kò yà mí lẹ́nu pé òkun ò dá a dúró. Ní nǹkan bí ọdún 1877 ni wọ́n rí lékeléke ní agbègbè Suriname àti Guyana ní Gúúsù Amẹ́ríkà, níbi tí kò sí tẹ́lẹ̀, kò sì sẹ́ni tó kó wọn débẹ̀. Ní 1953, wọ́n bá ìtẹ́ wọn ní Florida. Níbi tí kò bá sí màlúù, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé koríko ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọ́n ń ṣa tata tó bá fò.

Ìgbà ọyẹ́, ìwé mi kì í kún. Eruku tó ń ti Bodélé ní ilẹ̀ Chad fẹ́ wá á sọ oòrùn di àwo funfun. Láàárọ̀, alángbá akọ á wà lára ògiri, orí rẹ̀ á ti ṣá, ara rẹ̀ á rí bí eérú, ọmọ kékeré lè fọwọ́ mú un. Bí oòrùn bá ti pa á díẹ̀, pupa náà á tún gorí rẹ̀ padà. Àwòdì dé. Níbi tí iná bá ti ń jó igbó, wọ́n á máa yí ká nínú èéfín, wọ́n á máa já tata tó ń sá lọ gbà lójú òfuurufú, màjàlà á máa bọ́ sórí aṣọ tí mo sá. Ní ìrọ̀lẹ́, àdán á kọjá lọ́pọ̀ yanturu sí ibi tí wọ́n ti ń wá èso. Àwọn wọ̀nyí náà ló ń gbé kóró ìrókò lọ síbi tó jìnnà. Mo mọ̀ wọ́n lójú, mi ò tíì mọ̀ wọ́n délé.

Ẹyẹ kan wà tí mi ò tíì kọ ọjọ́ kan sí abẹ́ orúkọ rẹ̀. Igún ni. Nígbà tí mo wà ní kékeré, igún ń rìn kiri lórí àkìtàn bí adìyẹ, a ò kà á sí. Mo ti kọ "Igún" sójú ewé kan láti ọdún kìíní. Igún ń jẹ òkú ẹran tí àwọn èèyàn fi májèlé sí, àwọn kan sì ń pa wọ́n tà. Láti 2015 ni igún tí a mọ̀ sí ti ààrin ìlú yìí ti wà lára àwọn ẹyẹ tó kù díẹ̀ kó pòórá pátápátá. Bàbá ní kí n fi ojú ewé náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Àkọ́rọ̀ òjò ọdún tí a da kọnkéré, mo tan iná, mo gbé àpótí jáde. Esúnsún dé. Wọ́n bọ́ ìyẹ́, wọ́n tò ní méjì-méjì, wọ́n ń rìn lórí kọnkéré láti ìpẹ̀kun kan dé èkejì. Kò sẹ́ni tó jáde lábẹ́ dúrọ́ọ̀mù. Mo yí dúrọ́ọ̀mù náà: àwọn bíríkìlà ti kùn abẹ́ rẹ̀ pa pẹ̀lú. Mo mọ ohun tó ṣeé ṣe kó ti ṣẹlẹ̀ sí ẹni tó ń sùn nínú ilẹ̀ ní Èrèlé, mi ò fẹ́ rò ó dé òpin. Lẹ́yìn ọjọ́ tí mo rí alángbá tó ń ha ilẹ̀ yẹn ni mo bá ọkọ mi sọ ọ́, tí wọ́n gbé òòlù, wọ́n fọ́ kọnkéré náà kúrò lẹ́bàá ògiri, bí ìbú ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta, títí dé ìdí dúrọ́ọ̀mù. Wọn ò tún pè mí ní ìyá ọ̀pọ̀lọ́ lọ́jọ́ náà.

Ẹrẹ́nà tó kọjá yìí, òjò àkọ́kọ́ rọ̀ ní ọjọ́ 17. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, mo wà níta pẹ̀lú ìwé mi. Esúnsún ń wọ inú ilẹ̀ tí a tú náà, mo ń kà wọ́n. Bàbá pè mí láti òdì kejì ògiri.

"Ìyàwó, ẹ wá wo àlejò yín lọ́dọ̀ mi."

Mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo yí gba ẹnu ọ̀nà wọn wọlé. Bàbá ti gbé àga síta, iná ẹnu ọ̀nà wọn ń tàn, ilẹ̀ kún fún ìyẹ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan jókòó sí ìdí ìkòkò omi adìyẹ, ojú rẹ̀ ń rì, ó ń yọ. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo tan tọ́ọ̀ṣì sí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀.

"Ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ibí?"

"Láti ìgbà tí ẹ ti ń po sìmẹ́ńtì," ni Bàbá wí. "Mo rò pé ẹ lé e ni."

Mo ka ìka rẹ̀, mo tún un kà. Bàbá fi ọ̀pá wọn ti àga kejì sí mi.